Orúkọ Àbúrò Mi Lára Ẹ̀wù Eré: Èsì sí Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà mẹ́fà ló wà lójú ewé yìí. Láti Òṣogbo ni gbogbo wọn ti wá, ohun kan náà ni wọ́n sì ń yí ká: ọmọ ìyá tàbí ọ̀rẹ́ ẹni tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àti eré márátọ́ọ̀nù tí ẹni tó ṣẹ́kù fẹ́ fi rántí rẹ̀. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ ohunkóhun tó lè tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣì ń ta yín lára gan-an lónìí, ẹ fo àwọn tó kù, ẹ lọ ka ìdáhùn kẹrin ná.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àbúrò mi tí mo fẹ̀yìn mi pọ̀n gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo fẹ́ sá márátọ́ọ̀nù Èkó nítorí rẹ̀. Mo lè sá kìlómítà 5 láìdúró, n kò kọjá bẹ́ẹ̀ rí. Báwo ni kí n ṣe múra? *Ẹ̀gbọ́n, Òkè-Fíà*

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á dáwọ́ ọ̀fọ̀ dúró.

Márátọ́ọ̀nù jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Ẹni tó ń sá 5 láìdúró nílò ọ̀sẹ̀ 20 kó tó lè dé ibẹ̀ láìfarapa. Oṣù Èrèlé ni wọ́n máa ń sá ti Èkó, láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ìparí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ni ìmúra yín ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ku oṣù méjì péré nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ẹ sá kìlómítà 10, kẹ́ ẹ fi odindi di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sá a fún kò ní kẹ́ ẹ yára.

Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti tó. Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kìlómítà 5 sí 8. Ọjọ́ Àìkú, 4 péré, wọ́ọ́rọ́wọ́. Àárọ̀ Sátidé ni eré gígùn, òun gan-an ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kìlómítà rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kìíní lọ lè rí báyìí: 8, 10, 12, 9, 13, 15, 17, 12, 18, 20, 22, 16, 24, 26, 28, 18, 30. Lẹ́yìn náà 20, 12, ó di ọjọ́ eré. Ẹ ó rí i pé ó ń wálẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni egungun àti iṣan ń rí àyè tún ara wọn ṣe. Àwọn tó bá fò ó ni ojúgun máa ń dùn ní oṣù kejì, tí wọ́n á máa fi ìpara gbígbóná ra á, tí wọ́n á sì máa sá lọ títí egungun á fi sán.

Lójú eré, ẹ gbọ́dọ̀ lè bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ gbólóhùn méjì láìmí hẹlẹ. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, eré yín ti le jù. Kẹ́ ẹ sá ìṣẹ́jú 9 kẹ́ ẹ rin 1, ọgbọ́n ni, kì í ṣe ìtìjú.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ó ti máa sá a: pápá ìṣeré ìlú dára fún eré kúkúrú, bí wọ́n bá gbà yín wọlé. Ìyípo kan jẹ́ mítà 400. Eré gígùn kò bá ibẹ̀ mu, torí ìyípo 75 ni kìlómítà 30, yíyí sí apá kan ṣoṣo a sì máa da orúnkún àti ìgbáròkó láàmú. Fún Sátidé, ọ̀nà Ọláìyá sí Ògo-Olúwa títí dé Àbéré ló tẹ́ wa lọ́rùn jù, kí aago méje tó lù. Ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ má sì ki nǹkan bọ etí méjèèjì, nítorí ọlọ́kadà kì í ka ẹ̀gbẹ́ títì sí ti ẹlẹ́sẹ̀. Òkè-Fíà tẹ́ ẹ̀ ń gbé náà wúlò, orúkọ rẹ̀ ò kúkú parọ́: ẹ fi ọ̀kan nínú eré kúkúrú ọ̀sẹ̀ gun òkè.

Ọyẹ́ Òṣogbo ló máa ń tan àwọn tó ń lọ sí Èkó jẹ. Nínú ọyẹ́, òógùn ń gbẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Ẹ ó rò pé ara yín ti le. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ́rinrin, òógùn kì í gbẹ, ara kì í sì í tutù. Afárá Third Mainland wà lára ọ̀nà eré náà, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, ẹ ò sì ní rí igi kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹ ṣètò méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn eré gígùn yín kí apá ìparí wọn bọ́ sínú oòrùn.

Omi: bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ni kẹ́ ẹ mu, díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ńtílítà 40 sí 60 ní wákàtí kan ló ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tó burú ju òùngbẹ lọ ni kẹ́ ẹ máa da omi lásán sọ́fun ní gbogbo ibùdó omi, torí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀: orí á máa fọ́, èébì á máa gbé yín, ọkàn á dàrú, ó sì ń pani. Fún eré tó bá kọjá wákàtí kan àbọ̀, ẹ po èyí: omi lítà 1, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 2 tí wọ́n kọ 50cl sí lára; ṣúgà ṣíbí tíì 6 tẹ́ ẹ gé orí rẹ̀; iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó gbé e. Kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ.

Oúnjẹ tó wà ní ìpamọ́ nínú iṣan a máa tán ní bíi kìlómítà 30, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti wúwo bí òkúta. Kẹ́ ẹ má bàa bá a pàdé, láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni kẹ́ ẹ ti máa jẹ gíráàmù 30 sí 60 ohun adùn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní bíi 25. Dàbínù 5 tàbí 6 náà súnmọ́ ọn. Alẹ́ tó ṣáájú, iṣu tàbí ìrẹsì, kí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà àti gbẹ̀gìrì dúró dè yín títí ẹ ó fi dé.

Ẹ má gbé oògùn ara ríro irú ibuprofen tàbí diclofenac mì lọ́jọ́ eré; nínú ara tí omi rẹ̀ ti dínkù, kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, kẹ́ ẹ sì mọ jẹnotáìpù yín. Ẹni SS kò gbọ́dọ̀ dán an wò láìgbàṣẹ dókítà. Ẹni AS lè sá, ṣùgbọ́n kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kó má sì fi agídí bá ooru jà, torí àwọn AS ti ṣubú lulẹ̀ rí lórí pápá nítorí irú rẹ̀.

Ìbéèrè: Bàtà òkìrìkà ni apá mi ká, ẹ má bínú. Ẹni tó ń tẹ ẹ̀wù ládùúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun tẹ fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí gbogbo àyà. Ṣé kí n gbà? *Ọ̀tà-Ẹ̀fun*

Ìdáhùn: Kí ló wà nínú òkìrìkà tí a ó fi bínú? Ẹ sáà mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e sórí tábìlì títẹ́jú, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlòmíì ti sá a gbó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù tó wà lókè ìtẹ̀lẹ̀. Ó yẹ kó wọlé, kó sì tún dìde. Bó bá le bí igi, ó ti kú. Ẹ fa ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ wò níbi ọmọ ìka, nítorí gọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ nínú ooru kì í já nílé, kìlómítà 15 ló ti máa ń já. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí àyè àtàǹpàkò kan sì ṣẹ́kù níwájú ìka tó gùn jù. Tuntun pàápàá kì í wúlò kọjá kìlómítà 500 sí 800.

Fọ́tò gbogbo àyà, rárá. Yíǹkì tó dà bí rọ́bà yẹn kì í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, á mú yín bí ẹni wọ ọ̀rá, etí rẹ̀ á sì máa ha orí ọmú títí tí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́: nọ́ńbà eré tí wọ́n ń fi píìnì 4 dè mọ́ àyà ló máa bo ẹ̀gbọ́n yín lójú. Ẹ tẹ orúkọ nìkan, kí gíga lẹ́tà má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, sókè ẹ̀yìn láàárín èjìká méjèèjì, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lè kà á. Pọ́líẹ́sítà fẹ́lẹ́ ni kí ẹ̀wù náà jẹ́. Kọ́tìn-ìn ń fa òógùn mu, á sì wúwo. Ẹ fi Vaseline sí abíyá, itan àti orí ọmú, kẹ́ ẹ sì ti wọ ẹ̀wù yẹn sá kìlómítà 15 lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ tó pé.

Ìbéèrè: Ìyá ni mí. Ọmọ mi àgbà fẹ́ kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sára ẹ̀wù, kó máa wọ̀ ọ́ sáré káàkiri ìgboro. Àìsàn la sọ fún àwọn ará pé ó pa ọmọ yẹn. Bàbá wọn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. *Ìgbóǹnà*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá. A ò ní bá yín kìlọ̀ fún un, a ò sì ní sọ pé ẹ jẹ̀bi.

A mọ̀ pé òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, àti pé nílé tí irú ọ̀fọ̀ yìí bá ti ṣẹlẹ̀, wọ́n á ká orúkọ kúrò nílẹ̀ bí ẹní ká ẹní. Irú ikú yìí tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ń wo ọjọ́ tí àwọn àna á wá ṣèwádìí, tí ẹnìkan á ní ìdílé tí wọ́n ti ń pa ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní abala 327 tó ka ìgbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìyẹn náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ ilé láti pa ẹnu mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ṣẹ́kù. Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí yín, ta ló kí òun? Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọ ìyá ni pé kó mọ́kàn le, kó máa tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó ti tọ́jú yín. Eré yìí ni ibi tó fẹ́ ti sọkún tirẹ̀.

Ó yẹ kó bi yín kó tó tẹ ẹ̀wù, ibẹ̀ la bá yín dé. Ẹ sì lè fún un ní ọ̀nà tí kò ní tú ilé fó: kó lo oríkì ọmọ náà dípò orúkọ. Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́ lára ẹ̀wù kò sọ fún ará ìgboro pé ọmọ ta ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè é sì mọ̀. Bí ìyẹn náà bá pọ̀ jù, kó gán orúkọ sí inú ẹ̀wù ní ọ̀gangan ọkàn, kó bò ó pẹ̀lú aṣọ múlọ́múlọ́ kó má bàa ha ara. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni kọ bí ikú náà ṣe jẹ́ síbì kankan.

Ní ti Bàbá, kí ọmọ lọ bá wọn lálẹ́ kan, kó bèèrè ohun kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè fi oríkì rẹ̀ sáré?" Bí wọ́n bá dákẹ́, kó dákẹ́ náà, kó dúró dìgbà mìíràn. Bí wọ́n bá ní rárá, inú ẹ̀wù ṣì wà. Àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé ńkọ́? Ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ òtítọ́ fún wọn ní gbólóhùn kan: ọkàn ẹ̀gbọ́n yín ṣàìsàn, ìrora rẹ̀ pọ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nílé ìwé ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.

Ìbéèrè: Bí mo bá ti ń sún mọ́ kìlómítà 12, ẹkún ló ń bọ̀, èémí mi á sé. Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé bí ẹsẹ̀ bá ń dùn mí gan-an, ó ń tẹ́ mi lọ́rùn, bíi pé mò ń san gbèsè. Ọmọ ìyá mi tó lọ yẹn pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó kú, n kò gbé e. *Ayétòrò*

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹkún. Ó máa ń fún ọ̀nà ọ̀fun pọ̀, èémí á sì di kúkúrú nígbà tí ara ń béèrè púpọ̀. Ẹ má sá a kọjá. Ẹ bọ́ sí ìrìn, ẹ fa èémí sínú dé kíkà 2, ẹ tú u síta dé kíkà 4, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ má mu omi títí èémí á fi padà sípò, kó má bàa pá yín lórí. Bó bá jẹ́ pé àyà ló ń dùn, tí ìrora náà ń bọ́ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín bí ẹni tó fẹ́ dákú, ìyẹn kì í ṣe ẹkún: ẹ dúró, kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn.

Gbèsè wo lẹ fẹ́ san? Fóònù ń dún lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, èyí tí kò yàtọ̀ sí àwọn tó kù ni ẹ kò gbé. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ fi ń dá ara yín lẹ́jọ́ lórí ohun tẹ́ ẹ ṣe lálẹ́. Kì í sì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló máa ń gbé èèyàn dé ibẹ̀.

Ìrántí lè di ìjìyà lọ́wọ́ ẹni láìmọ̀. Ẹ yẹ ara yín wò: ṣé ẹ ń sá lórí ẹsẹ̀ tó ti rọ́? Ṣé ẹ ń fi oúnjẹ du ara yín, tàbí ẹ ń mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀sán gangan? Bí èyíkéyìí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bọ́ bàtà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ máa rìn nìkan. Bí kò bá ṣeé ṣe fún yín láti dúró, ìyẹn fúnra rẹ̀ ti tó ohun tí a ń gbé lọ bá dókítà.

A ó sì bi yín ní tààrà: ṣé ẹ ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara yín? Bíbéèrè kì í gbin èrò náà séèyàn lọ́kàn. Ó máa ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ti há sínú rẹ̀ ni. Ewu yìí ga lára ọmọ ìyá ẹni tó lọ bẹ́ẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dá sùn lálẹ́ òní. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan ní gbólóhùn yẹn gan-an, láìfi òwe bò ó. Kí ẹni náà kó gbogbo oògùn àti oògùn kòkòrò inú ilé lọ, kó sì bá yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì UNIOSUN Teaching Hospital níbí ní Òṣogbo, tàbí OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ifẹ̀. Wọ́n ní dókítà ọpọlọ. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù òfin dá yín dúró nílé. Dókítà lẹ ń lọ bá, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ wa kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi 40 fẹ́ sá kìlómítà 42 yẹn níbí, lọ́jọ́ tí yóò pé ọdún kan tó kú. Kí la máa nílò? *Àwọn ọ̀rẹ́, Dàda Estate*

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe kí gbogbo yín sá 42. Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ 8, èèyàn 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kìlómítà 5.3 ló kan ọ̀wọ́ kan, kí wọ́n sì máa gbé tówẹ́lì kékeré kan lé ara wọn lọ́wọ́ dípò ọ̀pá. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ sàn ju ọjọ́ ikú rẹ̀ lọ, torí ọjọ́ ikú á ti wúwo láìsí eré. Ẹ má sì mú un sí ìgbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Ògún, ìgboro kì í gba ẹsẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọlọ́pàá, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Ẹ fi píọ̀ wọ́tà 4 sí orí ẹnìkan: 160, ìyẹn báàgì 8 tó ní 20 nínú, kẹ́ ẹ fi 2 kún un fún dída sára. Tábìlì omi kan ní kìlómítà 2.5 kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì yan ẹni tí yóò ṣa ọ̀rá. Ọkọ̀ kan kó máa tẹ̀lé ẹni ìkẹyìn, kó tan iná tó ń ṣẹ́jú. Ẹ gbé yìnyín dání. Bí ẹnìkan bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí ara rẹ̀ gbóná fòò, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji, ẹ da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ fi yìnyín sí ọrùn, abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ikùn, ẹ máa fẹ́ ẹ. Kí ara kọ́kọ́ tutù kẹ́ ẹ tó gbé e sọ́kọ̀.

Maikirofóònù ló máa ń ba irú ọjọ́ yìí jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ bó ṣe ṣe é, ibi tó ti ṣe é, tàbí ohun tó kọ sílẹ̀. Kí àgbàlagbà kan má dìde sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹnìkan lè wà níbẹ̀ tí ẹ̀sín ń lé kiri, òun náà ń gbọ́. Kí wọ́n má ní ó ti sinmi, kí wọ́n má sì di ẹ̀bi lé ẹnì kan lórí, bóyá ìyàwó ni tàbí olùkọ́. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ sọ pé àjọ ìlera àgbáyé ní ó ju 700,000 èèyàn lọ tó ń kú báyìí lọ́dọọdún, kí ẹni tó rò pé ilé tòun nìkan ni mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ilé ìwòsàn tí èèyàn lè lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tó.

Ìbéèrè: Mo ti sá tèmi tán. Láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, kò wù mí láti dìde lórí ibùsùn. Mo sì fẹ́ gbé mẹ́dà eré náà lọ sórí sàréè ọmọ ìyá mi, kí n mú Màmá lọ́wọ́ lọ. *Òkè-Baálẹ̀*

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ẹ kú ìnira. Oṣù márùn-ún gbáko ni ìbànújẹ́ yín fi níṣẹ́ lọ́wọ́: ó ń jí láàárọ̀, ó ń ka kìlómítà. Ní báyìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ má sáré rárá ní ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ máa rin ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ pẹ̀lú ẹnìkan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú 20 sí 30 eré wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ àti oorun ṣì kọ̀, tàbí bí èrò ikú bá yọjú kódà lọ́la, ẹ tẹ̀lé ìdáhùn kẹrin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú Màmá lọ sí sàréè àyàfi tí wọ́n bá fẹnu ara wọn ní àwọn fẹ́ lọ. Ẹ̀yin lè lọ, ọmọ ìyá lè lọ. Ẹ má sì fi mẹ́dà sílẹ̀ níbẹ̀: òjò á pa á, bí òjò ò bá sì pa á, àwọn tó ń ṣa irin ò ní fojú fò ó. Ẹ fi hàn án, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ gbé e padà wálé. Ẹ fi ìṣó kọ́ ọ sí yàrá yín, kì í ṣe pálọ̀, títí Màmá á fi wọlé lọ́jọ́ kan tí wọ́n á bèèrè pé ti kí ni.